Àgùàlà Kì í Ṣe Ajá Òṣùpá
Ìwé-pẹlẹbẹ fún gbogbo ẹni tó gbà pé àjẹ́ ni àwọn ẹlẹ́sìn Wicca



Àwọn baba wa gbójú sókè, wọ́n rí ìràwọ̀ kan tó mọ́lẹ̀ ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Nígbà mìíràn, á dúró ti òṣùpá gbágbáágbá bí ajá tó tẹ̀ lé ọdẹ. Ni aráyé bá ní ajá òṣùpá ni. Àgbà kan tó fara balẹ̀ wò ó ló sọ̀rọ̀ tó di òwe: Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni, Àgùàlà kì í ṣe ajá òṣùpá.

Àgbà náà jàre. Ní ìpíndọ́gba, òṣùpá kò jìnnà sí wa ju nǹkan bíi kìlómítà 384,000 lọ. Àgùàlà, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Venus, lé ní kìlómítà mílíọ̀nù 38 sí wa nígbà tó bá tiẹ̀ súnmọ́ wa jù lọ. Ayé ni òṣùpá ń yí po, oòrùn ni Àgùàlà ń yí po. Ojú ọ̀nà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà ni wọ́n ń gbà lójú sánmà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pàdé. Kò sí okùn kankan láàárín wọn.

Àṣìṣe tí aráyé ṣe sí Àgùàlà ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń ṣe sí àwọn tó ń ṣe ẹ̀sìn Wicca. A gbọ́ pé wọ́n ń jáde lóru, a gbọ́ pé wọ́n ń kí òṣùpá, a gbọ́ pé wọ́n ń pe ara wọn ní witch lédè Gẹ̀ẹ́sì, a sì fẹnu kò pé àjẹ́ ni wọ́n, ajá Sátánì ni wọ́n. Irọ́ ni. Mo kọ ìwé yìí láti sọ bó ṣe jẹ́ irọ́, nítorí pé èmi náà gbà á gbọ́ rí.

Bí mo ṣe mọ̀

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mo ń ṣe ní Cornwall, ní ìpẹ̀kun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbi tí òkun ti gbà á mọ́ra. Màmá kan wà lára àwọn tí mo ń lọ tọ́jú nílé wọn. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọlé, mo rí ìràwọ̀ onígun márùn-ún tí wọ́n fi igi gbẹ́ kọ́ sára ògiri, mo rí àbẹ́là, mo rí ìwo àgbọ̀nrín. Mo bi í léèrè ohun tí wọ́n wà fún. Ó ní ẹlẹ́sìn Wicca ni òun láti ìgbà ọ̀dọ́ òun.

Ẹsẹ̀ mi gbọ̀n. Mo sọ ọ́ fún àwọn ará ìjọ lórí WhatsApp. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ohùn lórísìírísìí ti wọlé. Ẹnì kan ní kí n sá. Ẹnì kan ní kí n má ṣe jẹ oúnjẹ ilé rẹ̀. Ẹnì kan ní n kò gbọdọ̀ jẹ́ kó fọwọ́ kan orí mi láé. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń fi òróró àdúrà sí iwájú orí mi kí n tó kan ilẹ̀kùn Màmá.

Alaalẹ́, kó tó lọ sùn, Màmá máa ń ní kí n ti àga onítáyà òun dé ẹ̀yìnkùlé. Á gbójú sókè. Fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, kò ní sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò mú ìwé kékeré kan jáde, á kọ déètì, á kọ ohun tó rí: òṣùpá ku fẹ́ẹ́rẹ́ bí èékánná, ìkùukùu bo gbogbo rẹ̀, àwọn ìràwọ̀ Orion ti yọ. Lábẹ́ rẹ̀, á dáhùn ìbéèrè méjì tó máa ń bi ara rẹ̀ jẹ́jẹ́: Ta ni mo pa lára lónìí? Báwo ni mo ṣe máa tún un ṣe lọ́la?

Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo gbọ́ tó ní òun jágbe mọ́ ọmọ Nàìjíríà tó ń tọ́jú òun nítorí tíì tó tutù, àti pé òun yóò bẹ̀ ẹ́ láàárọ̀. Ilẹ̀ mọ́, ó bẹ̀ mí. Ojú tì mí. Mo ti fi ọ̀sẹ̀ méjì gbàdúrà kí Ọlọ́run gbà mí lọ́wọ́ obìnrin yìí, kò sì sí alẹ́ kan tí mo bi ara mi bóyá mo ti ṣẹ̀ ẹ́.

Wọ́n ní àjẹ́ ni wọ́n

Inú ìtúmọ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti dàrú. Nígbà tí wọ́n ń yí Bíbélì sí èdè wa ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n kan ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní witch, wọ́n fi àjẹ́ dí i. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni tó bá ń jẹ́ witch níbikíbi láyé ti di àjẹ́ létí wa.

Ṣùgbọ́n ta ni àjẹ́ nínú èrò Yorùbá? Àwọn ìyá ni, ẹlẹ́yẹ, tí agbára wọn jẹ́ àbímọ́ tàbí èyí tí wọ́n fún wọn jẹ. Agbára tó lè tún ayé ṣe, tó sì lè bà á jẹ́. Nítorí agbára yẹn ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ṣe ń jó, kí àwọn ìyá lè yọ́nú sí ìlú. Ẹlẹ́sìn Wicca kò ní ẹyẹ. A kò bí ẹ̀sìn náà mọ́ ọn. Ó ka ìwé ni, ó sì wọ ẹgbẹ́. Nínú àwọn ẹgbẹ́ kan, ọdún kan àti ọjọ́ kan ni akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ́ṣẹ́ kí wọ́n tó gbà á wọlé. Ọjọ́ tó bá sú u, á fi í sílẹ̀. Àjẹ́ wo lẹ ti gbọ́ tó forúkọ sílẹ̀ láti kọ́ àjẹ́ lọ́dún kan?

Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì pé ìtúmọ̀ lè ba orúkọ jẹ́ tó bẹ́ẹ̀, kó wo ohun tí wọ́n ṣe sí Èṣù. Nínú iṣẹ́ ìtúmọ̀ kan náà ni wọ́n ti wá orúkọ tí wọ́n lè fún Sátánì, tí wọ́n mú Èṣù. Èṣù, òjíṣẹ́ tó ń gbé ẹbọ dé ọ̀run, ni wọ́n sọ di olórí ibi. Ó pẹ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé wa ti ń pariwo pé Èṣù kì í ṣe Sátánì, òdodo sì ni wọ́n sọ. Ṣé ó yẹ kí àwa tí iná yìí ti jó tún gbé e sórí òrùlé ẹlòmíràn?

Wọ́n ní Sátánì ni wọ́n ń sìn

Sátánì kò sí nínú ẹ̀sìn wọn. Wọn kò gbà pé ó wà, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ sìn ín? Òrìṣà obìnrin kan àti òrìṣà ọkùnrin oníwo kan ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń bọ. Wọ́n ń rí àwòrán obìnrin náà nínú òṣùpá, wọ́n sì ń rí ti ọkùnrin náà nínú igbó àti ẹran ìgbẹ́. Ìwo yẹn ló kó bá a. Ẹni tó rí ìwo lórí ère ti gbà pé Sátánì lòun rí, bẹ́ẹ̀ ìwo àgbọ̀nrín ni.

N kò ní í fi irọ́ gbèjà òtítọ́. Àwọn kan lára wọn máa ń sọ pé ẹ̀sìn àwọn ti wà láti ìgbà láéláé, pé inú igbó ni àwọn baba ńlá àwọn fi pamọ́ sí nígbà tí ìjọ ń lépa wọn. Ìyẹn náà kò rí bẹ́ẹ̀. Gerald Gardner, Gẹ̀ẹ́sì tó ṣiṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù ní Malaya kó tó fẹ̀yìn tì, ló gbé e síta. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní òfin kan láti 1735 lórí ọ̀ràn witch, òun ni wọ́n sì fi ju Helen Duncan, obìnrin tó ní òun ń bá òkú sọ̀rọ̀, sẹ́wọ̀n ní 1944. Wọ́n pa òfin náà rẹ́ ní 1951. Nígbà náà ni Gardner jáde sí gbangba, ó sì tẹ ìwé rẹ̀, Witchcraft Today, ní 1954. Doreen Valiente, tó wọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1953, ló tún ọ̀pọ̀ nínú àdúrà wọn kọ. Ronald Hutton, ọ̀jọ̀gbọ́n ìtàn ní Yunifásítì Bristol, ló tú ìtàn náà palẹ̀ nínú The Triumph of the Moon ní 1999, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹlẹ́sìn Wicca fúnra wọn ló sì ti gbà pé bó ṣe jẹ́ nìyẹn.

Ẹ wá rò ó. Ẹ̀sìn tí kò tíì pé ọgọ́rùn-ún ọdún, tí orúkọ àwọn tó dá a sílẹ̀ wà nínú ìwé, báwo ló ṣe jẹ́ ẹgbẹ́ ìmùlẹ̀ tí Sátánì dá láti ìwáṣẹ̀? Nínú ìkànìyàn 2021 ní England àti Wales, nǹkan bíi 13,000 ènìyàn ló kọ Wicca sínú ìwé ìjọba gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wọn. Ẹni tó ń bo àṣírí kì í fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ fún ìjọba.

Wọ́n ní wọ́n ń fi òru ṣe ibi

Òfin wọn tó ga jù, tí wọ́n ń pè ní Rede, kò gùn rárá. Ohun tó ń sọ ni pé kí ènìyàn ṣe bó ṣe wù ú, bí kò bá ṣáà ti ní í pa ẹnikẹ́ni lára. Ó dùn ún sọ, ó ṣòro ṣe. Ẹnikẹ́ni yẹn kan aládùúgbò, ó kan ẹran àti igbó, ó kan ìwọ alára. Ọ̀pọ̀ nínú wọn tún gbà pé ohun tí ènìyàn bá rán síta, ire tàbí ibi, yóò padà wá bá a ní ìlọ́po mẹ́ta. Àwa Yorùbá ti mọ ìyẹn tipẹ́: ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀.

Ṣé gbogbo wọn ló ń pa òfin yìí mọ́? Rárá o, gẹ́gẹ́ bí gbogbo wa kò ṣe ń pa Òfin Mẹ́wàá mọ́. Ẹlòmíràn á ní, “Ṣé wọn kì í tan àbẹ́là kí wọ́n sọ̀rọ̀ lé e lórí?” Wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ àwa tí a ń fi àbẹ́là, omi àti òróró gbàdúrà nínú ìjọ wa, kí la fẹ́ fi dá wọn lẹ́bi? Àwọn kan nínú wọn sì ń wo ìràwọ̀ láti sọ bí ọ̀la ènìyàn yóò ṣe rí. Níbi yẹn, n kò bá wọn lọ. Ìràwọ̀ kò mọ orúkọ mi, kò sì sí ẹ̀rí pé ó ń tọ́ ọ̀nà mi. Ṣùgbọ́n kí èrò ènìyàn kan má tọ̀nà lójú mi kò sọ ọ́ di apànìyàn.

Wọ́n ní òṣùpá ni wọ́n ń bọ

Ọjọ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n àti ààbọ̀ ló wà láàárín òṣùpá àrànmọ́jú kan sí èkejì, nígbà tó bá sì yọ lódindi ni ọ̀pọ̀ wọn ń péjọ. Wọ́n tún ní àjọ̀dún mẹ́jọ tí wọ́n ń ṣe láàárín oṣù méjìlá. Mẹ́rin nínú rẹ̀ tẹ̀ lé ìrìn oòrùn: ọjọ́ tí òru gùn jù, ọjọ́ tí ọ̀sán gùn jù, àti ọjọ́ méjì tí ọ̀sán àti òru dọ́gba. Mẹ́rin tó kù bọ́ sí àárín wọn.

Ẹni tó dàgbà sí Èkó lè má mọ ohun tí èyí jẹ́. Ní Èkó, ìyàtọ̀ láàárín ọ̀sán tó gùn jù àti èyí tó kúrú jù kò tó wákàtí kan. Ní London, oòrùn ń wà lókè fún wákàtí mẹ́rìndínlógún àti ààbọ̀ ní ìparí oṣù Kẹfà. Ní ìparí oṣù Kejìlá, kò tó wákàtí mẹ́jọ. Ní Cornwall náà, òkùnkùn ni mo ń bá lọ síbi iṣẹ́, òkùnkùn ni mo ń bá bọ̀. Lálẹ́ tí òru gùn jù lọ, tí wọ́n ń pè ní Yule, Màmá tan àbẹ́là sójú fèrèsé, ó ní láti ọ̀la lọ, ọ̀sán yóò tún máa gùn sí i. Mo bá a dúpẹ́. Ní Ọsirélíà, níbi tí ìgbà òtútù bọ́ sí oṣù Kẹfà, ọ̀pọ̀ ẹlẹ́sìn Wicca yí kàlẹ́ńdà wọn padà kó lè bá oòrùn tiwọn mu. Ohun tí ojú wọn rí lókè ni wọ́n ń tẹ̀ lé.

Bí títẹ̀lé òṣùpá bá jẹ́ bíbọ òṣùpá, gbogbo wa ló ti rúfin. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé òṣùpá àrànmọ́jú àkọ́kọ́, láti ọjọ́ 21 oṣù Kẹta lọ, ni ìjọ Ọlọ́run fi ń mọ ọjọ́ Àjíǹde. Àwọn Mùsùlùmí ń wá oṣù tuntun lójú sánmà kí wọ́n tó gba ààwẹ̀ Ramadan. Ìràwọ̀ ló mú àwọn amòye dé ọ̀dọ̀ Jésù. Àwa Yorùbá sì ń ka ọjọ́ orí oyún pẹ̀lú oṣù, orúkọ òṣùpá gan-an. Ta ni yóò sọ pé àjẹ́ ni gbogbo wa?

Ìràwọ̀ onígun márùn-ún

Àmì yìí ló ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn wa jù. Lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́sìn Wicca, ilẹ̀, afẹ́fẹ́, iná, omi àti ẹ̀mí ni igun márààrún dúró fún. Èyí tí wọ́n dorí rẹ̀ kodò, tí wọ́n ya orí ewúrẹ́ sí, ti Church of Satan ni, ẹgbẹ́ tí Anton LaVey dá sílẹ̀ ní San Francisco ní 1966, nígbà tí Gardner ti kú. Ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Láti 2007, ìjọba Amẹ́ríkà ti gbà kí wọ́n máa gbẹ́ ìràwọ̀ Wicca sórí ibojì ọmọ ogun wọn tó bá ṣe ẹ̀sìn náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbélébùú àwọn yòókù.

Màmá ló fi ohun tó yà mí lẹ́nu jù hàn mí, nínú àwọn ìwé kékeré rẹ̀ tó ti gbó. Lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ 584, Àgùàlà máa ń kọjá láàárín ayé àti oòrùn. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún mẹ́jọ. Bí ènìyàn bá fi àmì sí ibi tó ti ń ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀run, tó sì fa ìlà láti ọ̀kan dé èyí tó tẹ̀ lé e, ìràwọ̀ onígun márùn-ún ló máa yọ. Àgùàlà tí gbogbo wa ń wò látọjọ́ yìí! Ẹni tó bá sọ pé ti Sátánì ni àmì náà, kó mọ̀ pé Ẹlẹ́dàá ti ń fi Àgùàlà yà á sójú ọ̀run kí ènìyàn kankan tó délẹ̀ ayé.

Ohun tí ìràwọ̀ fi ń kọ́ni ní ìwà

Ẹ̀yin tí ẹ rò pé wíwo ìràwọ̀ jẹ́ eré ọ̀lẹ, ẹ gbọ́. Ìmọ́lẹ̀ ń rin kìlómítà 300,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Síbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ agbo ìràwọ̀ Andromeda, tí ojú lásán lè rí bí èéfín funfun lálẹ́ tó ṣókùnkùn, ti rin ọdún mílíọ̀nù 2.5 kó tó dé ojú wa. Nígbà tó gbéra, ènìyàn bíi tiwa kò tíì sí. Irin tó ń mú ẹ̀jẹ̀ wa pupa, inú ìràwọ̀ tó ti kú kí oòrùn wa tó yọ ni wọ́n ti rọ ọ́. Ojú ọ̀run ni àgbẹ̀dẹ àkọ́kọ́ wà. Irin kan náà ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ olówó, nínú ẹ̀jẹ̀ tálákà, nínú ẹ̀jẹ̀ àgbọ̀nrín inú igbó.

Níbí ni mo ti rí bí ìyanu ṣe ń di ìwà. Ẹni tó bá ń wo òkè lójoojúmọ́ tó sì mọ ohun tó ń wò, ìgbéraga rẹ̀ á rọlẹ̀. Á mọ̀ pé ìbátan òun ni gbogbo ohun tó ń mí. Nígbà tí òfin bá wá sọ fún un pé kó má ṣe pa ẹnikẹ́ni lára, kò ní jọ ọ́ lójú bí àṣẹ. Á dà bí ọ̀rọ̀ ẹbí. Ìdí nìyẹn tí Màmá fi ń wo òkè kó tó bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè. Ojú ọ̀run ló ń rọ ọkàn rẹ̀ kó lè sọ òtítọ́.

Kò pọn dandan kí ènìyàn ṣe Wicca kó tó lè ṣe èyí. Ọmọ ìjọ ni mí di òní, mo sì ń ṣe é. Orion tí Màmá ń nawọ́ sí ní ọ̀gangan gúúsù, òkè àtàrí gan-an ló ń gbà kọjá ní Ìbàdàn. Ìràwọ̀ Àríwá tó ga lókè òrùlé wa ní Cornwall fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀ nílé. Bí wọ́n bá mú iná lọ lálẹ́ tí kò sí òṣùpá, ẹ dákẹ́ díẹ̀ kí ẹ tó tan jẹnẹrétọ̀. Ẹ jáde. Ẹ wòkè.

Ìdí tí n kò fi lè dákẹ́

Ẹnì kan lè ní, “Kí ló kàn wá nínú ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó tó ń kí òṣùpá?” Ó kàn wá, nítorí pé ẹnu tó ń pe Màmá ní àjẹ́ láìwádìí kò jìnnà sí ọwọ́ tó ń na ọmọ. Lọ́jọ́ Kérésìmesì 2010, ní London, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kan, Kristy Bamu, kú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin àti ọ̀rẹ́kùnrin ẹ̀gbọ́n náà ló ní àjẹ́ ni, wọ́n sì fìyà jẹ ẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan títí ẹ̀mí fi bọ́. Nílé wa náà, ìpínlẹ̀ Akwa Ibom ní láti ṣòfin ní 2008 kí wọ́n má fi ẹ̀sùn àjẹ́ kan àwọn ọmọdé mọ́. Abala 210 nínú ìwé Òfin Ìwà Ọ̀daràn Nàìjíríà ti sọ tipẹ́ pé ẹni tó bá fi ẹ̀sùn àjẹ́ kan ẹlòmíràn ti ṣẹ̀ sófin. Òfin wà. Ohun tó kù ni ọkàn wa.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Ẹ yé pe ẹlẹ́sìn Wicca ní àjẹ́; ẹ fi orúkọ tí wọ́n sọ ẹ̀sìn wọn pè é. Bí ohùn bá wọlé sórí WhatsApp yín tó ní kí ẹ sá fún ẹnì kan, ẹ kọ́kọ́ bi ẹni náà léèrè ohun tó gbà gbọ́. Bí alẹ́ bá sì lẹ́, kí ẹ wá Àgùàlà lójú sánmà, kí ẹ bi ara yín ní ìbéèrè Màmá: Ta ni mo pa lára lónìí? Báwo ni mo ṣe máa tún un ṣe lọ́la?

Èmi ti dáhùn tèmi. Màmá bẹ̀ mí nítorí tíì tútù. Ìwé yìí ni mo fi ń bẹ Màmá.